Katakata mi kì í gbọ́ láàárọ̀ ọyẹ́, bó bá di ọ̀sán ó ti ń ké

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìsánlú

Òkun o gbogbo ilé, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, katakata mi yìí ti fẹ́ sọ mí di ẹni tó ń bá irin jà ní kùtùkùtù. Massey Ferguson 135 ni, ẹ́ńjìnnì Perkins onípísítìnì mẹ́ta, mo rà á lọ́wọ́ bàbá kan níbí ní Mọ́pà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ ọ́n wò ní ọdún 1973 ni wọ́n ṣe é, ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀gbọ́n gidi. Nígbà òjò kò dà mí láàmú rí, mo fi túlẹ̀ pákí, mo fi túlẹ̀ àgbàdo, àwọn ará àdúgbò náà ń háyà rẹ̀, kò sí ẹjọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nínú oṣù Kejìlá ni wàhálà dé. Tá a bá dé ìdí ẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ pé ká fi kó pákí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rin gàárì, á máa yí, á máa yí, kò ní mú. A ó yí i títí ohùn bátìrì á fi máa rọlẹ̀ bíi ti ẹni tí ebi ń pa. Àmọ́ tó bá di aago mọ́kànlá tí oòrùn ti ta sí i lára, ìyí ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti gbé e. Tó bá sì ti lè mú lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, mo lè pa á kí n tún tan án nígbà mẹ́wàá, kò ní bá mi jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ tó ń wà á fún mi ti wá ọgbọ́n tiẹ̀, ó ń rẹ àkísà sínú pẹtiróòlù, á gbé e sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, á dún gbàà! á sì mú. Ọjọ́ tí kò bá sí pẹtiróòlù, àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà ló máa tì í sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀bá àpáta, mo sì máa ra búrẹ́dì fún wọn.

Mẹkáníìkì tí mo pè wò ó, kò tú nǹkan kan o, ó kàn ní ríǹgì tó yí písítìnì ká ti lọ, pé ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ₦480,000, owó iṣẹ́ ọwọ́ ò sí níbẹ̀. Kó tó dé ni mo ti ra bátìrì tuntun, kò yí nǹkan kan padà. Kí n tó lọ yá owó lórí kaṣú tí kò tíì so, mo ní kí n bi yín: tó bá jẹ́ ríǹgì ló lọ lóòótọ́, kí ló dé tó jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é?

Ọmọ Ìyàrà

Bátìrì ni jàre. Òtútù kì í jẹ́ kí bátìrì gbé nǹkan. Pààrọ̀ ẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, mo ní bátìrì tuntun ni mo rà 😩

Ọmọ Ìyàrà

Ah, mi ò ka ìyẹn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín gùn.

Bàbá Sípánà (Kàbà)

Àbúrò, kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tó o fi parí ọ̀rọ̀ ẹ yẹn, òun ló yẹ kí mẹkáníìkì yẹn bi ara ẹ̀. Má tíì san kọ́bọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ kí n tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yí i láàárọ̀ tí kò mú, kí ló ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà? Ṣé èéfín funfun ni àbí kò sí nǹkan kan rárá? Má sọ èyí tó o rò fún mi, lọ wò ó. Fi ọmọ yẹn sídìí kọ́kọ́rọ́, kí ìwọ dúró sídìí sàlẹ́ńsà, kí o fi ojú ara ẹ rí i. Ọ̀pọ̀ owó táwọn èèyàn ti ná dànù lórí katakata ní agbègbè wa yìí, tí wọ́n bá ti wo ẹnu sàlẹ́ńsà ni wọn ì bá má ná an.

Ìdí nìyí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti ọ̀kadà. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì ń fún mọ́ra, á fún un títí á fi gbóná débi pé dísẹ́ẹ̀lì tí nọ́sù bá fọ́n lé e lórí á gbiná fúnra ẹ̀. Bí Rudolf Diesel, ará Jámánì tó gbé e jáde, ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ṣe rí títí dòní. Ooru yẹn ni gbogbo ẹjọ́. Láàárọ̀ ọyẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tutù, ara irin fúnra ẹ̀ tutù, á máa fa ooru yẹn mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi, ọ́ìlì ti ki, bátìrì ò lágbára tó ti ọ̀sán, kíìkì, mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì, á wá máa yí wọ́ọ́wọ́ọ́, bó bá sì ti ń yí wọ́ọ́wọ́ọ́ ooru náà á ti sá lọ kí písítìnì tó gbé e dókè. Lọ́sàn-án oòrùn á ti bá ẹ gbé ìdajì ẹrù yẹn. Tó bá wá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, irin ti gbóná, ó tán.

Nítorí náà tó bá jẹ́ èéfín funfun ló ń jáde, tó ń ta ẹ́ lójú, dísẹ́ẹ̀lì ni yẹn, dísẹ́ẹ̀lì tútù tó wọlé tó jáde láì jó. Á jẹ́ pé pọ́ọ̀mpù ò ṣẹ̀, fítà ò ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u. Ooru ló kù. Tí kò bá sí èéfín rárá, dísẹ́ẹ̀lì ò dé, ibi tó ti dúró lójú ọ̀nà la máa wá, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń pa á ti padà sáyè ẹ̀ tán, nítorí mo ti rí ẹni tó tú fítà méjì nítorí ọwọ́ yẹn, lẹ́yìn náà la ó wá afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀.

Ti pẹtiróòlù yẹn, sọ fún ọmọ yẹn kó dáwọ́ dúró LÓNÌÍ. Pẹtiróòlù kì í dúró de àsìkò, á gbiná kí písítìnì tó dókè, á sì máa lù ú padà sẹ́yìn. Gbàà tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, ríǹgì àti orí písítìnì ló ń gbà á. Tí ríǹgì ò bá tíì lọ, àkísà yẹn á bá yín lé e lọ.

Ìyá Alágàárì (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ káàárọ̀ bàbá, ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ilé. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, gàárì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n Massey kan náà ni bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ fún wa, kò sì sẹ́ni tó máa bójú tó o ju èmi lọ, ni mo bá kọ́ ọ pẹ̀lú ojú.

Tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, a ra bátìrì, a tún kíìkì ṣe, pàbó. Lọ́jọ́ kan tí dẹ́rẹ́bà ń yí i tí kò mú, mo di wáyà ńlá dúdú tó ti bátìrì lọ sára irin mú, mo fẹ́ wò ó bóyá ó ṣò, Ọlọ́run mi! mo tètè fi sílẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò gàárì. Wáyà pupa tutù ní tiẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, mo ní irọ́ ni, kí ló dé tí ìkejì ò gbóná? A tú u, ìdí ibi tí wọ́n dè é mọ́ ti dípẹtà, òkè ẹ̀ gíríìsì, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ọ̀dà, irin ò kan irin. A fi páńpá ha ọ̀dà yẹn títí irin fi dán, a dè é padà, láti ọjọ́ yẹn ni kíìkì ti ń yí bí ẹni tó jẹun yó.

Ẹ tún wo ọ́ìlì yín. Nọ́ńbà 50 tó ki làwọn kan ń rọ sí i nítorí pé ó ti gbó ó sì ń mu ọ́ìlì, ó dáa lọ́sàn-án, láàárọ̀ ọyẹ́ ńkọ́? Bí ẹni ń ro ọkà ni. 15W-40 lèmi ń rà, kì í ki tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ òtútù.

Ọmọ Yàgbà ní Calgary

Ẹ kú iṣẹ́ o ará ilé. Níbi tí mo wà ní Kánádà níbí dísẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ló máa ń dì nígbà òtútù, á dà bí àdín tó sùn, fítà á dí pa. A máa ń ra dísẹ́ẹ̀lì ìgbà òtútù lọ́tọ̀, a sì máa ń ki iná mànàmáná bọ ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Bóyá kẹ́ ẹ wò ó bóyá dísẹ́ẹ̀lì yín dì.

Bàbá Sípánà (Kàbà)

Ọmọ mi, Ọlọ́run á mú ẹ padà wálé láyọ̀. Ọyẹ́ tiwa ò débi kí dísẹ́ẹ̀lì dì láéláé, ètè ló ń là. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá dí fítà ní Mọ́pà, omi àti ìdọ̀tí inú jẹ́ríkáànù ni.

Ìyá wa ti sọ òótọ́ o. Àgbẹ̀, tó o bá rí ẹni tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, kó gbé e lé orí méjèèjì tí bátìrì ní, dúdú àti pupa, nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i. Tó bá já sí ìsàlẹ̀ fóòtì 9.6, bátìrì kò gbé e, tuntun tàbí àlòkù. Lẹ́yìn náà kó gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé orí dúdú bátìrì, ìkejì sára ẹ́ńjìnnì gangan, kẹ́ ẹ tún yí i. Tó bá ju ìdajì fóòtì kan lọ, wáyà yẹn ń jẹ iná.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìsánlú

Mo ti padà dé. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà.

Àárọ̀ yìí mo dúró sídìí sàlẹ́ńsà bẹ́ ẹ ṣe wí. Èéfín FUNFUN ni, kì í ṣe kékeré, ó ki bí èéfín igi tútù, omi ń dà lójú mi. Ó ń yí dáadáa o, kò wọ́ọ́. Wáyà dúdú ò gbóná, mítà ní 10.4 nígbà tó ń yí, ti wáyà kò tó nǹkan kan. Ọ́ìlì mi nọ́ńbà 40 ni, n ó pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò.

Nǹkan míì tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀: kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ la fi ń yí i mọ́. Bàbá tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ti ní kí wọ́n yọ ilé kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́, bọ́tìnnì ni wọ́n fi síbẹ̀, bíi ti aago ẹnu ọ̀nà. A ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tan iná, a ó tẹ bọ́tìnnì.

Bàbá Sípánà (Kàbà)

Háà. Wọ́n ti pa á lẹ́nu! Dúró ná.

Massey yẹn nígbà tó ti kọ́ńpìnnì jáde, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ní ibì kan tó máa ń dúró sí fún iná kó tó dé ibi tó ti ń yí. Ohun tí ibẹ̀ ń tàn ni wọ́n ń pè ní thermostart. Lọ síbi mánífòódù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wàá rí nǹkan kan tó tó àtàǹpàkò tí wọ́n fi yí mọ́ ọn, wáyà kan wà lórí ẹ̀, páìpù tín-ín-rín kan sì ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá bá a. Nínú ẹ̀, wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wé bíi sípíríǹgì. Tó o bá tan iná sí i, wáyà yẹn á pọ́n, ilé ẹ̀ á gbóná á fẹ̀ díẹ̀, ọmọ irin róbótó tó dí ẹnu ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì á sún, dísẹ́ẹ̀lì á máa kán tó-tó-tó lé orí wáyà tó ti pọ́n. Tó o bá wá yí ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn, atẹ́gùn á bá a, iná á sọ nínú mánífòódù, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni písítìnì máa gbé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tan án ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ṣe é, níbi tí òjò dídì wà! Ọyẹ́ Mọ́pà ò tó nǹkan kan lójú ẹ̀.

Ẹni tó fi bọ́tìnnì sí i, ó dájú pé kò gbé iná lọ síbẹ̀ mọ́. Lọ wo wáyà yẹn bóyá nǹkan kan so mọ́ ọn. Tú páìpù kékeré yẹn, wò ó bóyá dísẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀. Tú thermostart náà jáde, nù ún gbẹ, gbé e jìnnà sí dísẹ́ẹ̀lì, fi wáyà gbé bátìrì bá a, dúdú sára ẹ̀, pupa sórí ẹ̀. Tó bá wà láàyè ó yẹ kó pọ́n kó o tó kà dé ogún.

Ọmọ Ìyàrà

Bàbá ẹ̀yin le o. Gbogbo ọjọ́ ayé mi mo rò pé ọmọ irin yẹn, nọ́ọ̀tì lásán ni.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìsánlú

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Wáyà orí ẹ̀ ti já, wọ́n fi téèpù dúdú wé ẹnu ẹ̀, erùpẹ̀ ti bò ó. Páìpù tín-ín-rín yẹn, ẹnì kan ti fi páláyà tẹ ẹnu ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó tún ká a lé ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń dí ọ̀rá omi. Inú bí mi, mo ní ta ló ń ṣe irú èyí. Mo gbé thermostart náà lé bátìrì bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, ó pọ́n! Pupa fòò, bí ẹyin iná. Inú mi dùn, mo ní gbogbo ẹ̀ ti tán, mo wá páìpù míì, mo so ó padà, mo rọ dísẹ́ẹ̀lì sí i.

Kò tíì sí iná níbẹ̀ rárá o, ni dísẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tó, tó, tó. Mo dúró, kò dá. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí àwo, ó ń kán sórí àwo náà, nígbà tí mo jẹ ẹ̀bà tán ó ti kún ìdérí ìgò kan.

Bàbá Sípánà (Kàbà)

Ehn! Ẹni tó ká páìpù yẹn kò ya wèrè nìyẹn. Ọmọ irin inú ẹ̀ kò dí ẹnu ọ̀nà mọ́, dísẹ́ẹ̀lì á ti máa kán sínú mánífòódù tọ̀sán-tòru, katakata á máa rú èéfín lásán, ó wá wò ó pé kí òun kúkú dí i, kò sì sẹ́ni tó ń tan án lọ́yẹ́ nígbà náà. Bó ṣe rí i nìyẹn, kò kàn sọ fún ẹni tó tà á fún. Tuntun ni kó o rà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fún ẹ. Mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ kí wọ́n má bàa kó ẹ sí ẹ̀gbin, ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń yí mọ́ mánífòódù gbọ́dọ̀ bára mu.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìsánlú

Ìlọrin ni mo ti rí i, nígbà tí mo lọ fi gàárì jíṣẹ́. Owó ẹ̀ kò tó àpò ìrẹsì kan. Ríwáyà kan ní Ìsánlú bá mi gbé iná bá a, ó fi bọ́tìnnì kejì sí i, ó sì fi fíúsì sí i láàárín. Ó ní kí n má tẹ méjèèjì pọ̀, mo ní rárá, bàbá ní kí n tẹ ti iná kí n kà dé ogún, kí n wá tẹ ti kíìkì nígbà tí ọwọ́ mi ṣì wà lórí ti iná. A jà díẹ̀ lórí ẹ̀.

Àárọ̀ yìí, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọyẹ́ ń pa ènìyàn, ìrì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ ti iná. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé méjìdínlógún mo fọwọ́ kan mánífòódù, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo tẹ ìkejì. Ó yí ẹ̀ẹ̀mẹta, mo gbọ́ fùù nínú ẹ̀, bí ẹni fẹ́ iná ààrò, ó sì mú! Èéfín funfun jáde díẹ̀, ó mọ́. Ọmọ tó ń wà á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò pẹtiróòlù lọ́wọ́, ó ń wò mí.

Ìyá Alágàárì (Ẹ̀gbẹ̀)

Ọlọ́run ṣeun o! Wọn ò tún ní jẹ búrẹ́dì ẹ mọ́ 😂

Ọmọ Ìyàrà

Ríǹgì ò lọ nìyẹn, olè ni mẹkáníìkì yẹn.

Bàbá Sípánà (Kàbà)

Má pe ènìyàn lólè. Ẹ́ńjìnnì ọdún 1973, ríǹgì ẹ̀ ò lè dà bíi ti ọmọ tuntun. Àgbẹ̀, nígbà tó bá ti gbóná dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́, ṣí ìdérí ibi tẹ́ ẹ ti ń rọ ọ́ìlì. Tí èéfín bá ń jáde wúyẹ́wúyẹ́ kò burú, tó bá ń tu bí ìkòkò tó ń hó, ríǹgì ti ń jẹ́ kí èéfín kọjá. Kó o sì máa wọn ọ́ìlì tó ń mu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tí mi ò ní kó o gbàgbé: iná gidi ló wà nínú mánífòódù yẹn báyìí. Pẹtiróòlù tàbí èyí tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo ò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́, tí iná bá bá a pàdé níbẹ̀ ojú ẹni tó mú àkísà dání ló máa jáde sí.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìsánlú

Ó ń tu díẹ̀díẹ̀ o bàbá, kì í ṣe bí ìkòkò. Ọ́ìlì bíi lítà kan ló mu láàárín ọ̀sẹ̀ kan tá a fi kó pákí. Mo pe mẹkáníìkì yẹn, mo ní ká fi sílẹ̀ di lẹ́yìn ìgbà tí a bá ta kaṣú, ó ní kò burú, ó wá ń bi mí pé níbo ni mo ti ra ọmọ irin yẹn.

Ìgò pẹtiróòlù abẹ́ àga katakata, mo ti yí i sínú ọ̀kadà, mo fi gun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.